Olè Tó Gbọ́ Èdè Wa

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọkùnrin tó lù mí ní jìbìtì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé kò gbọ́n. Àwọn èèyàn máa ń bu iyì fún olè orí fóònù, wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ pé, wọ́n á ní ká ní ó lò ó síbi tó dáa ni. Ẹ máa tan ara yín. Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin yẹn ní: ó gbọ́ èdè Ìlàjẹ, èdè wa. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ìyẹn nìkan ti tó fún un láti fi jẹun.

Àsìkò ìjà odò ni. Àwọn ọmọ tó gbé ìbọn ti wọ gbogbo ẹsẹ̀ odò, àwa àti àwọn tó wà ní òdìkejì omi kò sì fojú ire wo ara wa mọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ pàdé níbi tí koríko ojú omi ti dí ọ̀nà, ẹnì kan á pariwo kí ẹnì kejì ní èdè wa. Bí ìdáhùn bá wá ní èdè wa, ọkàn á balẹ̀. Bí kò bá wá, wàá yí orí ọkọ̀ rẹ padà kíákíá. Bàbá mi ń gbé ní Zion Pepe, ó sì ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ọgbọ́n yìí bọ́, nítorí náà ó gbà pé kò sí àjèjì tí èdè kò lè tú àṣírí rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ìbọn ò jẹ́ kó kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọkọ̀ tó ń sáré bíi nǹkan mìíràn yọ sí i lẹ́yìn, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì fọ́tì, alágbára ogójì ẹṣin, tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi àjẹ̀ sílẹ̀ fún un bí ẹni ń ṣàánú. Ó fi àjẹ̀ náà wa ọkọ̀ délé. Láti ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ lọ sídìí àwọ̀n rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan, ní ìrìn ìgbín, níbi tí ẹni tó bá wù lè bá a. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Òde Ùgbò, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́. Ó ní ṣé kí òun wá máa jókòó wo ògiri ni? Àràárọ̀ ni mo máa ń jí, tí màá máa retí ìpè ẹni tó máa sọ fún mi pé wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ láìrí òun fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló lè gbà á là, mo sì gbọ́dọ̀ rà á kíá.

Owó ọwọ́ mi kò tó tuntun. Àlòkù ni mò ń wá, orí fóònù ni mo sì ti ń wá a, ní ibi ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, torí kò sí ẹni tó máa gbé owó lọ́wọ́ káàkiri ojú omi nígbà yẹn.

A ní olùkọ́bìnrin kan nílé ìwé wa tí ìjọba gbé wá láti òkè. Àwa ará etí omi, ẹni tí kò bá ti ti inú omi wá, ará òkè la máa ń pè é. Obìnrin yìí bẹ̀rù omi débi pé jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ kó tó jáde nílé, èmi ni mo sì máa ń kó àwọn yòókù sòdí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí mi níbi tí mo ti ń wo àwòrán ẹ́ńjìnnì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí,” ló wí. “Ẹ san án sọ́wọ́ àwọn tó ni ibi ìtajà yẹn. Wọ́n á di owó náà mú. Ẹni tó ń tajà á rí i pé ẹ ti san, àmọ́ kò ní lè fọwọ́ kàn án, àfi ìgbà tí ẹ bá rí ẹrù yín, tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yín pé ó tẹ́ yín lọ́rùn.”

“Àǹtí, ẹ̀yin ará òkè lẹ kì í fọkàn tán ara yín,” ni mo dá a lóhùn. “Àwa níbí, a mọ ara wa.”

Mo yínmú sí i pẹ̀lú. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ọkùnrin tó ní ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ sọ fún mi pé ọmọ Étíkàn ni òun, pé ìjà ló lé òun kúrò lórí omi. Mo gbé fóònù lọ bá Bàbá lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tí àwọn pákó ẹ̀yìn ilé rẹ̀ parí sí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú, níbẹ̀ la sì dúró sí, èmi àti òun, omi lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tí mo jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta.

“Ọma ta ni ọ́?” ni Bàbá bi í, ó fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti bí i.

Ó dárúkọ ilé kan. Bàbá bi í ní orúkọ tí à ń pe ohun tí a fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀. Ó sọ ọ́ láìronú. Bàbá bi í ní oṣù tí òkun kì í gba apẹja láàyè. Ó sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Bàbá fẹ́ dán òun wò ni. Kò pe owó ní owó, oghó ló ń pè é, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìyá mi kó tó kú. Bàbá mi yọ̀ bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù.

Kí n má baà jẹ́ ọ̀dẹ̀ pátápátá, mo ní ṣé ká gba ọ̀nà ibi ìtajà yẹn sanwó. Ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi àtẹ̀yin náà la tún fẹ́ fi àjèjì sáàárín? Wọ́n á yọ tiwọn nínú owó, wọn ò sì ní gbé ẹrù wọ odò torí ìbọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀la ni ẹ́ńjìnnì yín wọ ọkọ̀.”

“Fi oghó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i,” ni Bàbá wí. “Ọma wa ni.”

Orúkọ obìnrin ló wà lórí àkáǹtì. Ó ní ìyàwó òun ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, mo ka orúkọ yẹn ketekete, mo sì fi owó ránṣẹ́.

Ọjọ́ méjì gbáko ni èmi àti Bàbá fi jókòó sí èbúté Ìgbókòdá. Bàbá ti mú okùn wá, ó mú tapólì wá láti fi bo ẹ́ńjìnnì kí oòrùn má pa á. Gbogbo ọkọ̀ ẹrù tó bá dúró, á dìde. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní àwọn sójà ti dá ẹrù wa dúró lójú ọ̀nà, wọ́n fẹ́ gba nǹkan kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún fi ránṣẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, báńkì sì sọ fún mi pé ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Mi ò kórìíra rẹ̀. Ẹni téèyàn bá kórìíra, èèyàn ka onítọ̀hún sí nìyẹn. Mo kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó sí yàrá kan, tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe ìwọ̀ láti fi fa arúgbó tó ń sá fún ìbọn! Ká ní ó tiẹ̀ yìnbọn sí wa, mi ò bá sọ pé ó láyà.

Bàbá ká okùn àti tapólì rẹ̀ padà sílé. Ó tún gbé àjẹ̀ rẹ̀. Láàárín oṣù yẹn, àwọn ọmọ ìbọn dá a dúró, wọ́n gba àwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì mú un jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo rí i, ètè rẹ̀ ti bó. Mo lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo sì lọ bá Àǹtí ilé ìwé wa pé kó jọ̀ọ́, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sanwó sọ́wọ́ ibi ìtajà yẹn. Kò fi mí ṣẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ó tọ́ sí mi.

Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì lọ́tẹ̀ yìí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká jẹ́ kí owó wà lọ́wọ́ ibi ìtajà láàárín wa. “Èmi ò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ mí,” ló wí. A ní ká pàdé ní èbúté Ìgbókòdá lọ́sàn-án, níbi tí ojú pọ̀ sí. Mo sanwó, àwọn tó ni ibi ìtajà dì í mú, ọkùnrin náà sì gbé ẹ́ńjìnnì wá, òun àti àbúrò rẹ̀. Wọ́n bá wa dè é mọ́ ìdí ọkọ̀. Bàbá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Ó gbé ọkọ̀ yí odò po, ó padà dé, eyín rẹ̀ wà níta.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà sọ nǹkan fún àbúrò rẹ̀ ní èdè wọn. Ará òdìkejì omi ni wọ́n.

Bàbá paná ẹ́ńjìnnì. Mo ti gbé fóònù sókè láti tẹ̀ ẹ́ pé ẹrù ti tẹ́ mi lọ́rùn. Ó na ọwọ́ látinú ọkọ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

“Má tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn wọn ló gbé ẹ́ńjìnnì tèmi lọ. Sọ fún àwọn tó ni ibi ìtajà yẹn pé kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n dá oghó wa padà. Wọlé, ká máa lọ.”

Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ olè láti òwúrọ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo rò ó. Mo rò ó dáadáa, mo tiẹ̀ ṣírò bó ṣe máa pẹ́ tó kí ọkọ̀ wa tó kúrò lójú àwọn sójà tó ń ṣọ́ èbúté. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

Mo já ọwọ́ mi gbà, mo tẹ̀ ẹ́.

Fóònù ọkùnrin náà dún, owó ti wọlé. Ó jókòó sórí pákó èbúté lójijì. Ó ní àwọn èèyàn wa ti dáná sun ọkọ̀ òun, ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó wá wò mí, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa lò.

“Láti ilé ni mo ti ń bẹ̀rù,” ló wí. “Kì í ṣe omi. Kì í ṣe ìbọn. Ẹ̀yin.”