Ìwé Ìṣirò Tí A Gé sí Mẹ́ta

Ní àárọ̀ òní, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bobiel, ní ìlú Niamey, ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà tí a fi ń wọn aṣọ. Bébà náà nípọn, ìró rẹ̀ sì ń lọ ṣàà, ṣàà. Mo dúró lójú kan, mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé ìṣirò wa ṣe dún lọ́jọ́ tí a gé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé ibo ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń darí òwò, ẹ má bínú, n kò kọ́ ọ níbì kankan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti fi Faransé kọ́ wa ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ti gbàgbé. Ohun kan ṣoṣo ni n kò gbàgbé, kò sì sí olùkọ́ kankan nítòsí nígbà tí mo kọ́ ọ.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní Niamey ni. Kò sí ògiri tí kò ní àwòrán ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín. Owó oṣù àwọn olùkọ́ kì í dé bọ̀rọ̀, ìyanṣẹ́lódì a sì máa gùn ju ẹ̀kọ́ lọ. Ìdánwò BEPC tí a fi ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò kúkú mọ̀ pé olùkọ́ ò wá. Nítorí náà, àwa mẹ́ta pinnu láti kọ́ ara wa. Èmi rèé; Ràfátù rèé, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí ilé wọn fara ti tiwa; àti Abdu, ọmọ ẹ̀yà Zarma láti àdúgbò Gamkalley, tó máa ń bomi rin sàláàdì nínú ọgbà bàbá rẹ̀ kó tó wá bá wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì tutù. Ìdánwò náà ti gbé Abdu lulẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bó bá tún fìdí rẹmi, kó yáa gba garawa, ọgbà ló kù. Abdu kò kórìíra ọgbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń wù ú, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò ní BEPC síbẹ̀.

Ìwé ìṣirò kan ṣoṣo la rí rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ tà. Ràfátù ló ní kí a gé e, kí oníkálukú gbé apá tirẹ̀ lọ sílé, kó kà á yó, kó wá kọ́ àwọn yòókù. A jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò ní àgbàlá wa, a gé e. Ìyá mi jáde, ó wò wá títí.

“Ìwé lẹ gé sí mẹ́ta bí ẹran iléyá yìí? Èwo ni ti tálákà níbẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín títí. Ọgbọ́n wa dùn mọ́ wa. A ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Apá tó dá lórí onígun mẹ́ta ló bọ́ sọ́wọ́ Ràfátù. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n kọ́ni ju àwọn olùkọ́ wa lọ. Á fi igi ìgbálẹ̀ yàwòrán sórí iyanrìn, á fún wọn lórúkọ: èyí tó sanra ni ìyàwó alápatà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀gá ilé-ìwé wa. Bó bá yanjú ìṣirò náà tán, á fi Hausa, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́, bi wá bóyá ó ti yé wa.

“Kun gane?”

“Mun gane!” la máa ń dá a lóhùn, tàtẹ́wọ́ tàtẹ́wọ́. Á wá fi ẹsẹ̀ pa iyanrìn rẹ́. Kò gbé igi náà fún wa rí, àwa náà kò sì béèrè. Ó dùn ún gbọ́, ìyẹn sì tó wa.

Bí ìdánwò ṣe ń sún mọ́lé, bàbá Ràfátù ní òun kò lè fi ọmọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń tì ju bí wọ́n ṣe ń ṣí i lọ. Ó ní kó máa lọ bá ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó kàwé níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó sáré wọ àgbàlá wa, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì kó apá ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. “Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ o,” ó wí, ó sì sáré lọ bá ọkọ̀ tó ń gba ẹnubodè Gáyà lọ. N kò tún fojú kàn án mọ́ di òní.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi àti Abdu ṣí i, a ń wò ó bí ẹni tí kò lọ kéú rí ṣe ń wo Lárúbáwá. Abdu mú igi ìgbálẹ̀, ó ya onígun mẹ́ta kan, ó dúró. Ó bi mí pé kí ló kàn. N kò mọ̀. Ohun tí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ọjọ́ yìí, a kò fi ọwọ́ ara wa ṣe é rí.

Onígun mẹ́ta ló kún inú ìdánwò ìṣirò náà. Faransé ló yọ mí, mo sì yege díẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege tán, Abdu ṣì dúró, bí ẹni pé wọ́n máa tún un kà. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó dá iṣẹ́ kan ni ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ìjókòó: ẹni tó gé aṣọ lọ́sẹ̀ yìí, ìdí ẹ̀rọ ló máa wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ẹnìkan ní nǹkan, n kì í bi í bóyá ó yé e. Mo máa ń gbé iṣẹ́ fún un ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé jù nínú wọn kọ́kọ́ kùn sí mi: “Màámi, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì ni?” Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tó lọ tọ́jú rẹ̀, àwọn yòókù ń gé e, aṣọ ọdún ń jáde, ìjókòó rẹ̀ sì ń dúró dè é. Kò kùn mọ́.

Lónìí, wọ́n ní gbogbo ìwé ayé ló wà nínú fóònù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń wo ẹni tó ń yanjú ìṣirò nínú rẹ̀, tí wọ́n ń mi orí pé ó yé àwọn.

Abdu kò kúrò nínú ọgbà. Láìpẹ́ yìí ló mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kó wá kọ́ṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àdéhùn wa fún un, ó gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró.

“Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é,” ó wí, “kí ìwọ náà tó lọ bíi Ràfátù.”

Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo ní kí ọmọ náà gé e. Ó gé e wọ́, mo sì ní kó mú òmíràn.