Ìyá Onírọ́bà àti Edé Tí Kò Ní Ẹ̀mú

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi kọ iṣẹ́ tuntun yẹn sílẹ̀?"

Mo ṣì kéré nígbà tí mo fi ìgboyà bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi léèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná.

Ìyá Onírọ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní ilé iṣẹ́ ẹja tó wà létí òkun, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fi rọ́bà de ẹ̀mú àwọn edé ńláńlá, kí wọ́n má baà fa ara wọn ya nínú omi. Ọ̀kan ti gé e ní àtàǹpàkò rí. Síbẹ̀ ó máa ń yìn wọ́n: "Ọmọlúàbí ni wọ́n. Tí mo bá ti dè wọ́n tán, wọ́n á dákẹ́."

Nígbà tó yá, òkun ń móoru, edé ẹlẹ́mùú ò wá mọ́. Irú mìíràn ni àwọn apẹja ń kó bọ̀. Àwọn yìí ò ní ẹ̀mú rárá. Ẹ̀gún ló bò wọ́n lẹ́yìn, ìwo méjì tó gùn bíi pàṣán ló wà lórí wọn, ìrù wọn nìkan ló sì lẹ́ran. Kò sí ohun tí rọ́bà fẹ́ dè. Wọ́n ní kó bọ́ sídìí tábìlì, kó máa gé ìrù. Ó gé e fún àárọ̀ kan ṣoṣo, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kò padà síbẹ̀ mọ́.

Bí kò ṣe rówó ilé san mọ́ nìyẹn, tó pàdánù yàrá rẹ̀, tó wá ń sùn lórí ẹní nínú yàrá tiwa. Ìyá mi ò yé fi ọ̀rọ̀ gún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ò mọ ẹni tó ń ṣe fáàrí o."

"Sọ fún ebi kó jókòó. Mò ń bọ̀ wá kí i."

Nígbà tó pẹ́, ó kàn máa ń kọjú sí ògiri.

Lọ́dún yìí, agbára wa ò ká ilé ìwé mi mọ́. Ìyá mi bá mi wá iṣẹ́; ìdí tábìlì yẹn náà ni. Bí mo ṣe ń ká aṣọ ilé ìwé mi sínú àpótí, Ìyá Onírọ́bà dìde jókòó.

"O bi mí ní nǹkan kan nígbà kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àwọn tí mo máa ń dè yẹn, wọn ò fọhùn rí. Mo rò pé kò dùn wọ́n ni. Àwọn ẹlẹ́gùn-ún yìí, tó o bá ti gbá wọn mú báyìí, wọ́n á máa fi ìdí ìwo wọn ha orí wọn, á máa dún bí ẹni tó ń bẹ̀ ọ́. Fi òwú dí etí rẹ lọ́la. Wàá ṣì máa gbọ́ ọ, àmọ́ fi dí i."