Aago Ta Ni Ká Wò?

Monica Careen ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì nígbà tó gbójú sókè, tó rí Fonse, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà etíkun. Orí rẹ̀ wú. Oòrùn ti yẹ àtàrí, bàálù tó gbé ọmọ náà kúrò ní Fort McMurray láàárọ̀ kò sì tíì dé Toronto, áńbọ̀sìbọ́sí St. John's. Láti ibi tí Fonse ti ń wa epo rọ̀bì ní Alberta dé ọ̀dọ̀ wọn ní erékùṣù Newfoundland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbàajì kìlómítà. Fonse dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀, ó mi ilẹ̀kùn. Monica ò ṣí i. Nígbà tó tún wò, kò rí ẹnì kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo àgbà etí òkun Newfoundland ló mọ̀ pé tí èèyàn bá rí òjìji ẹni tó wà lọ́nà jíjìn láàárọ̀, ẹ̀mí ẹni náà máa gùn. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán, ikú ni. Kò sí ejò ní erékùṣù yẹn, síbẹ̀ ejò ti bu Monica jẹ rí: ìrọ̀lẹ́ ló rí òjìji ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ lókun títí dòní.

Loretta, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọlé bá a, Monica sì sọ ohun tó rí fún un.

“Ìyàwó wa, aago ta lo ń wò? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun àárọ̀ ni ní Alberta.”

“Kò sí ní Alberta mọ́, Àǹtí. Òfurufú ló wà.”

“Òfurufú ò wá ní aago ni?”

Ni Monica bá pe àwọn tó ni bàálù. Obìnrin tó gbé fóònù ní bàálù náà wà lókè ìpínlẹ̀ Manitoba, kò síṣòro.

“Aago mélòó ló lù níbẹ̀?”

Ẹ̀rín pa obìnrin náà. “Kò tíì tó ọ̀sán, Màmá.”

“O ò rí i?” ni Loretta wí. “Àárọ̀ ni. Ọmọ yẹn máa pẹ́ láyé débi pé á sú wa.”

“Ojú mi ló rí i, Àǹtí. Ilé mi ló wá.”

Nírọ̀lẹ́, Loretta wa ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú St. John's. Àwọn èrò ń jáde, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, Monica ò rí Fonse. Ó ti fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó rí i lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó gbóná. Ayọ̀ ńlá ló fi sunkún.

Wọ́n ti ń lọ sílé kí Fonse tó sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, mo sùn lọ nínú bàálù. Mo lálàá pé mo délé, tí mò ń mi ilẹ̀kùn. Ẹ rí mi, ẹ ò ṣílẹ̀kùn.”

Loretta tẹjú mọ́ títì. Monica yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Mo rò pé o ti kú ni.”



“Ká ní mo ti kú ńkọ́, Mọ́mì? Ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi?”