Bẹ́líìtì Sójà

Ọmọ mi, òórùn ọ̀dà mọ́tò tí o fi maṣíìnì jó láàárọ̀ yìí, tí o pariwo pé, "Baba, e don burn o!", òun ló rán mi létí. Máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Mi ò tíì ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Bàbá mi ń kun mọ́tò ní Rumuokwurushi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé maṣíìnì tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán lé mi lọ́wọ́, pé kí n kọ́ ọ. Ó wúwo, ó ń gbọ̀n mí dé eyín. Mo dúró pẹ́ jù létí ilẹ̀kùn mọ́tò dúdú kan. Èéfín rú, ọ̀dà jó títí irin fi yọ síta.

Sójà tó ni mọ́tò rí i. Ó fìbínú tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀.

Bàbá mi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọjú sí mi. Irin bẹ́líìtì ló ń bà mí lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ yọ, iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu mi, wọn ò dáwọ́ dúró.

"Ọmọ burúkú! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Sójà ló di ọwọ́ wọn mú. "Papa, e don do! You wan kill your pikin?"

Ó pẹ́ kí n tó bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo bímọ tèmi ni mo mọ̀ pé, ká ní sójà ló nà mí, kò sẹ́ni tí ì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Bí ọlọ́mọ́tò bá dé, jẹ́ kí èmi dá a lóhùn.