Ta Ló Tọ̀ Sí Bàámi Lẹ́nu?

Olùkọ́ Yorùbá ni Bàámi ní Ìkọ̀lé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ bá pe ọkọ́ ní ọkọ̀ lójú rẹ̀, ìdí ọmọ náà ni yóò sọ fún un. Ẹ rántí èyí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irọ́ ni mò ń pa.

Jẹjẹrẹ ni wọ́n bá nínú àpòlúkù rẹ̀. Wọ́n ní kò tíì rìn jìnnà, pé bí a bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gé e kúrò. Bàámi gbà. Ìjọ ti gbààwẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kó fọwọ́ síwèé ní ọsibítù, mo jáde lọ gbé mọ́tò mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà wọlé, Bàámi ti dé fìlà.

"A ń lọ sílé. Wọ́n tọ̀ sí mi lẹ́nu."

"Ta ló tọ̀ sí yín lẹ́nu?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn."

Dókítà wa kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Tiv ni. Bàámi gbọ́ òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá onílé dókítà ti kọ́ ọ pé àrífín ni kéèyàn máa fi òyìnbó bá àgbà sọ̀rọ̀. Yorùbá ló wá ń fi tipátipá sọ. Ó ti sọ fún Bàámi kí n tó padà dé pé wọ́n yẹ ẹran tí wọ́n bù nínú ikùn Bàámi wò, wọ́n sì bá fáírọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó máa ń lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ inú àwọn èèyàn kan. Ó ní láti kékeré ló ti ń wọ ara ọ̀pọ̀ èèyàn, pé inú ìtọ̀ ẹlòmíràn ló ń gbà wọ ẹnu wọn.

"Bàámi, ó ṣì í pè ni!"

"Bó bá ṣì í pè, kò gbọdọ̀ là mí nínú. Bí kò bá ṣì í pè, ẹnìkan jẹ̀bi. Èwo lo fẹ́?"

Àṣé Bàámi ti mọ ọ̀daràn náà: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Òmù. Ìyá wọn kú nígbà tí Bàámi ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé e dàgbà. Gìrì sì máa ń gbé e nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ màlúù làwọn àgbà fi ń ṣe àgbo gìrì.

"Ẹni tó tọ́ mi náà ló tọ̀ sí mi lẹ́nu!" ó pariwo. Ó ní abẹ ò ní kan òun títí obìnrin náà yóò fi kúnlẹ̀ bẹ òun. Kí ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò! Mo ní ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Bàámi ń gbẹ. Ẹ̀kọ mímu gan-an kò fẹ́ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo gbé e sínú mọ́tò, ó di Òmù.

Ìyá Òmù ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Bàámi dúró lórí ìdúró, ó ka ẹ̀sùn náà sí i lẹ́sẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán.

"Màlúù wo ló wà ní Òmù nígbà yẹn?" ó bi í.

Inú bí mi, mo pe dókítà, mo sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ wo lẹ ń wí?"

"Ìtọ̀ náà, mà. Èyí tó máa ń pọ̀ lẹ́nu tí ẹ bá rí ọbẹ̀."

Olùkọ́ Yorùbá wolẹ̀. Ẹ̀rín ti ń pa mí kú lọ kí n tó rí ojú Ìyá Òmù.

"Utọ́," ó pe itọ́ lẹ́nu Èkìtì wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Utọ́ ni. A jẹ́ pé èmi ni."

Ọmọdé lòun náà nígbà tí ìyá wọn kú. Kò sí ọmú, ẹ̀kọ ò dúró nínú ọmọ náà. Uṣu ló ń rún lẹ́nu títí yóò fi kúnná, tó ń fi sí i lẹ́nu.

Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà wà lára òun náà, pé ọ̀pọ̀ ló ní i tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

"Ẹ ò wá ní bẹ̀ mí?" Bàámi béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"N kò bẹ̀ ọ́. Gbogbo uṣu tí mo rún fún ọ, kọ́kọ́ bì í síbí ná." Ó nu omijé nù, ó sì dojú kọ ọ́. "Lọ jẹ́ kí wọ́n gé e. Bí o bá jí tí o ò lè jẹun, eyín mi ò tíì ká tán."

Bàámi bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ní kí n lọ ṣíná mọ́tò.