Àmì Ọrọ̀-Ajé Tó Fẹ́ẹ́ Gba Ṣọ́ọ̀bù Àpòmù Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi síbí, nítorí ohun tí ojú mi rí yìí ṣì ń gbóná lára mi. Inú mi ti dùn báyìí o, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ẹjọ́ ń jẹ́!

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fọlákẹ́, ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní Ìkirè. Wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpòmù, ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé gan-an. Onílé ní tí òun ò bá gbọ́ èsì títí di Sátidé, ẹnì kan tó ń ta fóònù ti ń dúró.

Ọkọ wọn, Bọ̀dá Láyí, tíṣà ni. Ohunkóhun tí èèyàn bá ti kọ ní èdè òyìnbó, ẹsẹ Bíbélì ni lójú Bọ̀dá!

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a jókòó lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá gbé fóònù sókè. Ẹnì kan ti fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn nípa àwọn àmì tí wọ́n ń kó jọ lóṣooṣù láti fi mọ ibi tí ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè kọjú sí: iṣẹ́ tuntun tí àwọn oníbàárà ń gbé wá, ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá ní gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Ṣé irú àsìkò yìí lèèyàn ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì?

Àǹtí mi kàn yọ tépù kúrò lọ́rùn, wọ́n rọra ń ká a.

Mo ní kí Bọ̀dá jẹ́ kí n rí fóònù ọ̀hún.

"Ìwọ akọ̀wé yìí, jókòó jẹ́jẹ́!"

Èmi tí mo ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì! Mo ṣáà gbà á.

Ẹ̀ṣẹ̀ kìn-ín-ní: oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dájọ́. Bí òjò ò bá rọ̀ lọ́jọ́ kan nínú oṣù Òkúdu, ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé nìyẹn? Ẹ̀ṣẹ̀ kejì: díẹ̀ nínú àwọn àmì náà ń lọ sókè, Bọ̀dá fò ó! Ẹ̀kẹta ló gbé mi dìde lórí àga. Orílẹ̀-èdè wo ni ìròyìn ń sọ? Amẹ́ríkà!

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ló ń bọ̀ wá rán yunifọ́ọ̀mù ní Àpòmù ni?"

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá ní dọ́là ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun ló ń sọ aṣọ di ọ̀wọ́n? Mi ò ní purọ́, òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí tọ́ka sí àpò aṣọ tó kún igun pálọ̀: "Láyí, ilé-ìwé ò tíì wọlé, àwọn òbí Àpòmù ti kó gbogbo èyí wá bá mi ní Ìkirè. Kí lo tún ń wá?"

Iṣẹ́ tuntun tí oníbàárà ń gbé wá nìyẹn! Àmì tí ìròyìn ń wí ló wà nínú pálọ̀ wa, a sì ń wá a lọ sí Amẹ́ríkà!

Bọ̀dá wo àpò náà títí. "Ó dáa. Ẹ pe onílé."

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Àpòmù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ ń dún, Àǹtí ń kọrin. Bọ̀dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé àwọn ti rí i tipẹ́ pé Àpòmù máa dára. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrin rèé o! Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní ọjà ò tà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ọjà ìlú wo. Ṣé irú ìròyìn báyìí ti dá ètò yín dúró rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ má ṣáà fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Láyí!