Igba orin fújì ló kó lé ohùn ìyá àgbà mi lórí

Láràárọ̀, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń ki íápíìsì bọ etí òsì nìkan, nítorí tọ̀tún ti kú. Màá wá gbọ́ ìyá àgbà mi tó ń kọ wákà nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. Ìyá ti lọ, ohùn rẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ nìkan ló kù. Ìró èèpo ẹ̀gúsí yẹn ni mo fi ń ṣe ìlù nínú gbogbo bíìtì tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe.

Lónìí, mo gbé mẹ́mọ́rì káàdì tí ohùn náà wà lórí rẹ̀ fún bọ̀dá tó ń kó orin fún èèyàn ní Ṣakí níbí, pé kó bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀rín ló fi pàdé mi nígbà tí mo padà dé.

"Ọmọ iléèwé, ìyá arúgbó àti ariwo ló kún ibẹ̀! Mo ti nù ún dànù. Igba fújì ni mo kó sí i fún ẹ."

"Ẹ̀dà ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe, bọ̀dá."

"Ta ló ń ṣe ẹ̀dà ariwo? Gbà, lọ máa jó!"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Mi ò mọ ẹnì kankan nílùú yìí tí mo lè sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ohun tí wọ́n ti nù lórí káàdì ṣì lè padà wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Lọ́la, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá sì sọ fún un pé ìyá àgbà mi ló nù dànù.